Bí mo ṣe wọn ohun tí ethylene glycol àti butanol ń fi micelle ṣe

Surfactant méjì, irú èròjà tó ń bẹ nínú ọṣẹ, ni mo pò pọ̀, SDS tó ní chárjì àti Triton X-100 tí ò ní. Ẹ ṣáà mọ̀ pé orí wọn fẹ́ràn omi, ìrù wọn ò fẹ́ rí omi sójú, tí wọ́n bá wá pọ̀ tó nínú omi wọ́n á kó ìrù sínú kọ orí síta, micelle nìyẹn, iye surfactant tó gbọ́dọ̀ wà nínú omi kí micelle tó bẹ̀rẹ̀ la sì ń pè ní CMC. Nínú omi lásán, ní 25°C, ti SDS máa ń tó nǹkan bíi 8 mM (millimole nínú lítà kan), ti Triton ò ju nǹkan bíi 0.2 mM lọ.

SDS nìkan ni mo kọ́kọ́ wọ̀n, kó lè dá mi lójú pé ẹ̀rọ ò parọ́. Ẹ̀rọ conductivity, tó ń wọn bí omi ṣe ń gbé iná tó, ni mo lò, mò ń kán SDS tó ki sínú omi díẹ̀díẹ̀, mò ń rò ó, mo máa ń jẹ́ kí nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ dúró sójú kan kí n tó kọ ọ́. Nínú gíráàfù ẹ̀, ìlà á máa gòkè tààrà, tó bá dé CMC á ṣẹ́, á ṣì máa gòkè àmọ́ kò ní yára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, torí micelle tóbi, kì í rìn kíá, ó sì ti fa sodium inú SDS tó pọ̀ mọ́ra.

Tó bá di ti àpòpọ̀, ẹ fi conductivity sílẹ̀. Triton kì í gbé iná, ibi tí ìlà ti ń ṣẹ́ ò ní hàn dáadáa. Surface tension, ìyẹn bí ojú omi ṣe ń fà tó, ni mo wọ̀n, èyí tí wọ́n ń fi òrùka platinum fa ojú omi, mo sì máa ń fi iná sun òrùka yẹn títí á fi pọ́n kí n tó tún tì í bọ omi, torí ìdọ̀tí bíńtín ti tó láti ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. CMC àpòpọ̀ yẹn kéré ju ohun tí ìṣirò lásán, tó gbà pé wọn ò ràn ara wọn lọ́wọ́, máa fún yín lọ: orí SDS ń lé ara wọn, Triton wá kó sáàárín wọn, ara wá tù wọ́n.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Mo fi ethylene glycol, nǹkan olómi kan tó máa ń pò mọ́ omi dáadáa, sí omi, 10%, 20%, 30%, bí mo ṣe ń fi kún un ni CMC ń ga sí i. Omi ló máa ń di ara ẹ̀ mú gírígírí tó fi ń ti ìrù wọ̀nyẹn síta, glycol wá tú u díẹ̀, ara rọ ìrù níta, kò kánjú wọnú micelle mọ́. Kódà àǹfààní tí SDS àti Triton ń rí lára ara wọn ń dínkù.

Àmọ́ butanol, irú alcohol kan, díẹ̀ péré, CMC já wálẹ̀! Inú micelle gan-an lòun ń lọ jókòó, láàárín àwọn orí yẹn. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà kí èèyàn kàn máa sọ pé organic solvent (irú nǹkan olómi bíi glycol àti butanol) ń gbé CMC ga, ẹ kọ́kọ́ bi í pé èwo ni, báwo ló ṣe pọ̀ tó, ibo ló ń lọ dúró sí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é, iye glycol tó wà nínú bíkà náà ni kẹ́ ẹ fi sínú SDS tẹ́ ẹ ń kán sí i o, torí tí ò bá rí bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹ̀kán tó ń bọ́ síbẹ̀ ló ń la glycol yín.