Bí mo ṣe yan hard drive mẹ́rin fún sáfà kékeré ilé

Àyè hard drive mẹ́rin ló wà nínú àpótí sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń pa fáìlì ilé mọ́) tí mo tò, àpótí náà ò sì ju páálí bàtà méjì lọ. Nọ́ńbà ara hard drive ni mo kọ́kọ́ ń wò kí n tó béèrè iye owó, torí orúkọ tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí máa ń ṣini lọ́nà. Lọ́dún 2020, ilé iṣẹ́ Western Digital (WD) gbà pé SMR, ìyẹn èyí tí ìlà ìsọfúnni inú rẹ̀ ń gun ara wọn, làwọn kan lára WD Red, hard drive tí wọ́n ń tà fún sáfà kékeré, láti TB 2 títí dé TB 6, bẹ́ẹ̀ wọn ò kọ ọ́ síbi tí oníbàárà á ti rí i. CMR, èyí tí ìlà rẹ̀ kò gun ara wọn, ni WD40EFRX, SMR ni WD40EFAX. TB 4 ni méjèèjì, WD Red ni méjèèjì.

Nínú SMR, àwọn ìlà tí ìsọfúnni wà máa ń gun ara wọn bíi páànù òrùlé. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ páànù àárín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú èyí tó gùn ún. Fídíò tí a kàn kó pamọ́ kò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ọjọ́ tí hard drive kan bá kú, tí RAID (ètò tó ń so hard drive pọ̀ kí ìsọfúnni má bàa sọnù bí ọ̀kan bá kú) ń kọ ẹrù rẹ̀ sórí tuntun, ni wàhálà dé: iṣẹ́ wákàtí mẹ́wàá lè di ti ọ̀pọ̀ ọjọ́, RAID sì lè ka hard drive tuntun náà sí òkú, kó já a sílẹ̀. SMR ni Seagate ST4000DM004 náà, ìdí nìyẹn tí mi ò fi rà á bó tilẹ̀ dínwó.

WD40EFPX méjì àti Seagate ST4000VN006 méjì ni mo rà, CMR ni gbogbo wọn. WD kan àti Seagate kan ni mo so pọ̀ ní ìlọ́po méjì, kí ohun tó wà lórí ọ̀kan wà lórí èkejì. Àwọn tí wọ́n jọ ṣe lọ́jọ́ kan náà lè jọ kú lásìkò kan náà. TB 16 wá di 8, kọ̀ǹpútà sì ń kà á sí nǹkan bíi 7.3, torí 1,024 ló fi ń ṣírò, kì í ṣe 1,000. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu lórí 7,200 rpm (iye ìgbà tí hard drive ń yí ní ìṣẹ́jú kan): wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì gigabit kan kò gbé ju nǹkan bíi MB 110 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá, ooru nìkan lẹ máa fi kún un.

Ẹ ṣọ́ra fún tòkunbọ̀. Seagate kan wà tí smartctl -a, àṣẹ tó ń ka àkọsílẹ̀ ìlera hard drive, sọ pé wákàtí 12 péré ló ti ṣiṣẹ́. Mo tẹ smartctl -l farm, tó ń ka àkọsílẹ̀ mìíràn tí Seagate ń pa mọ́ sínú hard drive, wákàtí náà lé ní 27,000, ọdún mẹ́ta gbáko láìsinmi. Mo dá a padà, mo ra tuntun.

Kí n tó kó ohunkóhun sí wọn, mo lo badblocks -b 4096 -ws, àṣẹ tó ń wá ibi tó bàjẹ́, lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló máa ń pa rẹ́, ó sì gba bí ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni smartctl -t long, àyẹ̀wò gígùn tí hard drive ń ṣe fún ara rẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ smartctl -a, nọ́ńbà 5, 197 àti 198, tó ń ka ibi tó bàjẹ́ tàbí tí a fura sí, gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo. Bí ọ̀kan bá ti kúrò ní òdo, ẹ dá hard drive náà padà.

Iná ló kù. Bí hard drive bá ń gbéra, ó lè fa ampere 1.8 lórí volt 12. Mẹ́rin jẹ́ 7.2. Adaptor ampere 5 tó bá àpótí wá kò gbé e: mẹ́ta dìde, ẹ̀kẹrin ń dún ká-ká-ká, kò yí. Ampere 10 ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, nọ́ńbà 199, tó ń ka àṣìṣe lójú ọ̀nà wáyà, ń gun òkè lórí ọ̀kan. Wáyà SATA ló fa ìyẹn, hard drive kò lẹ́bi. Mo pààrọ̀ wáyà náà, nọ́ńbà náà sì dúró sójú kan.