Ọjọ́ 34 péré: bí mo ṣe gba àtúnṣe sí ìwé ìdásílẹ̀ mi ní iṣẹ́ sójà Amẹ́ríkà

DD-214 ni ìwé tí wọ́n máa ń fún ènìyàn bó bá kúrò nínú iṣẹ́ sójà ní Amẹ́ríkà. Àpótí kéékèèké ló kún inú rẹ̀, àmọ́ àpótí 24 ni ojú gbogbo ènìyàn ń lọ, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ irú ìdásílẹ̀ tí wọ́n fún ọ. Nínú tèmi, General, Under Honorable Conditions ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo rí Honorable, ìyẹn orúkọ ìdásílẹ̀ tó dára jù, láàárín ọ̀rọ̀ náà, ọkàn mi balẹ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo pe ọ́fíìsì kan lórí owó ilé-ìwé, ni obìnrin tó gbé fóònù bá là á mọ́lẹ̀ fún mi: General lè gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, ó lè yá owó ra ilé, ṣùgbọ́n GI Bill tí ìjọba fi ń rán sójà tó ti ṣíwọ́ lọ sílé-ìwé, Honorable nìkan ló wà fún. Oṣù 32 ni mo lò lẹ́nu iṣẹ́. Ká ní Honorable ni, ìdá 90 nínú 100 owó náà ni ǹ bá gbà. Òfo ni mo gbà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe débẹ̀. Físà akẹ́kọ̀ọ́ ni mo gbé wọ Houston. Lásìkò yẹn, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní MAVNI, tó jẹ́ kí ẹni tí kò ní green card pàápàá wọ iṣẹ́ sójà bó bá gbọ́ èdè tí ìjọba ń wá. Yorùbá wà lára àwọn èdè náà, pẹ̀lú Haúsá àti Ígbò. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kà á. Èdè tí wọ́n tìtorí rẹ̀ nà mí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn pé mò ń sọ fánákúlà, òun ló wá di ohun tí mo fi wọṣẹ́. Oṣù kẹjọ ọdún 2013 ni mo bẹ̀rẹ̀. Fort Jackson ní South Carolina ni wọ́n ti kọ́ wa, ibẹ̀ náà ni mo ti búra di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà.

Iṣẹ́ gan-an kò yọ mí lẹ́nu. Ilé ìkẹ́rùsí ni wọ́n fi mí sí, mo tilẹ̀ gba Army Achievement Medal níbẹ̀. Eré sísá ló fẹ́ pa mí. APFT ni wọ́n fi ń dán ara wa wò nígbà náà: push-up fún ìṣẹ́jú méjì, sit-up fún ìṣẹ́jú méjì, lẹ́yìn náà eré máìlì méjì. Ọkùnrin tó bá wà láàárín ọdún 27 sí 31 gbọ́dọ̀ ṣe push-up 39 ó kéré tán, sit-up 45, kó sì sá máìlì méjì náà tán kí ìṣẹ́jú 17 tó kọjá. Bí o bá kùnà nínú ẹyọ kan, o kùnà nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ní oṣù kẹsàn-án 2015, mo sá tèmi ní ìṣẹ́jú 17 àti ìṣẹ́jú-àáyá 21. Èyí, ẹ̀bi mi ni. Gbogbo ìgbà ooru ọdún yẹn ni mo fi ṣe ìmẹ́lẹ́.

Ìgbà tí mo wá gbájú mọ́ eré ni ojúgun ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Ẹ sá mọ ojúgun, kò lẹ́ran tó máa fi bo ìrora. Dókítà ya àwòrán rẹ̀, ó ní egungun ti sán. Ó kọ ìwé kan fún mi, èyí tí àwọn sójà ń pè ní profile, ọgọ́ta ọjọ́ láti 12 oṣù kẹwàá: mi ò gbọdọ̀ sáré, mi ò gbọdọ̀ fò.

Nígbà tó di 14 oṣù kìíní 2016, wọ́n tún mú mi lọ sórí pápá. Ìṣẹ́jú 17 àti ìṣẹ́jú-àáyá 48. Ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, kápítéènì wa pè mí, ó gbé ìwé síwájú mi: mo ti kùnà lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, orí kẹtàlá ìwé òfin AR 635-200 ni wọ́n máa fi dá mi sílẹ̀. Ìwé náà sọ pé mo lẹ́tọ̀ọ́ sí lọ́yà ológun lọ́fẹ̀ẹ́. Àmọ́ torí mi ò tíì pé ọdún mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, kò sí ìgbìmọ̀ tó máa gbọ́ tẹnu mi kí wọ́n tó lé mi. Sájẹ́ǹtì kan sọ̀rọ̀ sí mi létí pé kí n má da ara mi láàmú, General máa ń yí padà di Honorable fúnra rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Mo fọwọ́ sí i, mo ní mi ò fẹ́ lọ́yà. Irọ́ gbuu ni ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́fà yẹn o. Ó ti tó sójà mẹ́rin tí mo ti bá pàdé tí wọ́n pa irú rẹ̀ fún. Bí o kò bá béèrè, bó ṣe wà náà ni yóò wà títí o fi máa kú. Oṣù kẹrin ni mo jáde, wọ́n sì kọ Physical Standards, ìyẹn pé ara mi kò tó ohun tí wọ́n ń béèrè, sí àpótí 28, níbi tí wọ́n ń kọ ìdí sí. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbà mí síṣẹ́ ló ń kà á.

Ìyá mi kò gbọ́. Bó bá ti pè láti Ìbàdàn, "Sójà mi, ṣé wọ́n ń fún yín lóúnjẹ dáadáa?" Mo máa ní wọ́n ń fún wa, mà. Uber ni mo ń wà ní gbogbo ìgbà yẹn.

Ní 2018 mo gba fọ́ọ̀mù DD 293 lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òun ni wọ́n fi ń kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìdásílẹ̀ wò, ọdún 15 sì ni ènìyàn ní láti fi lò ó. Ẹni tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, DD 149 ló máa kọ, ìgbìmọ̀ mìíràn ló sì ń gba ìyẹn. O lè ní kí wọ́n ka ìwé rẹ nìkan, o sì lè ní o fẹ́ yọjú sí wọn. Mo ní kí wọ́n ka ìwé. Ká sòótọ́, ojú ló ń tì mí.

Lẹ́tà tí mo so mọ́ ọn, ojú ìwé mẹ́rin! Mo kí wọn, mo kí ìdílé wọn. Mo ròyìn bí mo ṣe fẹ́ràn Amẹ́ríkà tó, mo mẹ́nu ba oyún ìyàwó mi, mo so lẹ́tà pásítọ̀ mọ́ ọn, mo so ti alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa mọ́ ọn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí bébà. Bí a ṣe ń ṣe nílé nìyẹn: bí o bá wà níwájú àgbà, o kì í bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́, o máa kọ́kọ́ gbà pé o jẹ̀bi. Èsì dé lẹ́yìn oṣù mẹ́wàá. Wọn ò rí àṣìṣe nínú ìdásílẹ̀ mi, wọn ò sì rí ìrẹ́jẹ. Mo sọ ìwé náà sínú dúrọ́ọ̀, ó wà níbẹ̀ fún ọdún méjì.

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní 2021 ni mo ti jókòó ti ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó ti lo ogún ọdún nínú iṣẹ́ ológun orí omi kó tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ já sí ọ̀rọ̀, mo sọ tèmi. Kò bá mi kẹ́dùn rárá.

"Àbúrò, kí lo kọ sí wọn?"

"Mo bẹ̀ wọ́n ni, sà."

"O bẹ̀ wọ́n. Ṣé bàbá ìyàwó ẹ ni wọ́n?"

Ó ní nǹkan méjì ni àwọn ará ibẹ̀ ń wò. Ṣé ẹni tó dá ọ sílẹ̀ tẹ̀ lé òfin àti ìlànà? Bó bá sì tẹ̀ lé e, ṣé ohun tó ṣe fún ọ bá ẹ̀tọ́ mu? Ó ní lẹ́tà pásítọ̀ dáa, àmọ́ pásítọ̀ kò sí lórí pápá lọ́jọ́ tí mo sáré. "Lọ wá gbogbo ìwé ẹ jọ. Má tíì kọ nǹkan kan. Ìwé ni kí o wá."

Mo kọ̀wé sí ibi tí wọ́n ń kó ìwé àwọn sójà tó ti jáde pamọ́ sí ní St. Louis, ìpínlẹ̀ Missouri. Ibẹ̀ náà ni iná ti ṣẹ́ yọ ní 1973 tó run ìwé bíi mílíọ̀nù 16 sí 18. Àyà mi já nígbà tí mo kà á, àfìgbà tí mo rí i pé ìwé àwọn tó jáde kí wọ́n tó bí mi ni. Tèmi dé, ṣùgbọ́n ìwé iṣẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí ti ìtọ́jú. Àṣé ibòmíràn ni ìwé ìtọ́jú irú àwa tá a jáde lẹ́nu àìpẹ́ yìí máa ń lọ. Mo tún kọ̀wé síbẹ̀. Ojú ìwé tó lé ní 300 ni wọ́n fi ránṣẹ́, ìdajì rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ eyín àti abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Ìyàwó mi ló rí i, kì í ṣe èmi. Nọ́ọ̀sì ni, ó mọ ìwé ilé ìwòsàn kà ju mí lọ. Ó fa DA 3349 yọ, ìyẹn ìwé profile tí dókítà kọ, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ DA 705, ìyẹn káàdì tí wọ́n kọ máàkì eré ìdárayá mi sí.

"Ọgọ́ta ọjọ́ láti 12 oṣù kẹwàá. Ṣé kì í ṣe 11 oṣù kejìlá ló parí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ wá lọ sáré ìdánwò ní 14 oṣù kìíní, pẹ̀lú egungun tó sán?"

Mo ní wọ́n ní kí n sá a ni. Ó kàn wò mí.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo wá FM 7-22 jáde, ìwé ìlànà ìdárayá tó jáde ní 2012, tó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tèmi. Ó wà níbẹ̀ kedere: bí profile sójà bá ti parí, wọ́n gbọ́dọ̀ fún un ní ìlọ́po méjì iye ọjọ́ profile náà kó fi múra, ṣùgbọ́n tí kò ní ju 90 ọjọ́ lọ, kó tó ṣe ìdánwò. Ìlọ́po méjì 60 jẹ́ 120, nítorí náà 90 ni tèmi. Mo kà á láti 11 oṣù kejìlá. Ogún ọjọ́ ló kù nínú oṣù yẹn, 31 ní oṣù kìíní, 29 ní oṣù kejì torí 2016 ní ọjọ́ tó lé, ó wá ku mẹ́wàá. 10 oṣù kẹta ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni mú mi lọ sórí pápá ṣáájú rẹ̀. Ọjọ́ 34 péré ni wọ́n fún mi. Mo fi ìka kà á, mo fi fóònù kà á, mo tún jí kà á láàárọ̀.

Bẹ́ẹ̀, ìkùnà ẹlẹ́ẹ̀kejì kò yẹ kó wọ ìwé. Bí kò bá sì sí ẹlẹ́ẹ̀kejì, kò sí "lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra" tí wọ́n gbé gbogbo ọ̀rọ̀ náà kà.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní yunifásítì kan, tí ọ̀jọ̀gbọ́n wọn ń bójú tó wọn, ló bá mi tún ìwé náà kọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọbìnrin tó gba ẹjọ́ mi kò tíì tó ọdún 25, àmọ́ kò gbọ̀jẹ̀gẹ́. Ó ní kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ti oṣù kẹsàn-án, kí n má fi bò, torí bí ìgbìmọ̀ bá fúnra wọn rí i, wọn ò ní gba ìyókù gbọ́. Ó yọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ Amẹ́ríkà kúrò. Ó yọ oyún kúrò, ọmọ náà ti ń lọ sí ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi nígbà náà. Ojú ìwé kan àtààbọ̀ ló kù. A fi A, B, C, D sára àwọn ìwé ẹ̀rí, A ni profile, B ni káàdì máàkì, C ni ojú ewé FM 7-22. D ni lẹ́tà sájẹ́ǹtì tó jẹ́ olórí wa nígbà yẹn, tó kọ ọ́ pé òun rí mi tí mò ń tiro ní oṣù kìíní. Wíwá ọkùnrin yẹn nìkan gba oṣù kan. Ní ti ìgbọ́ ẹjọ́, lọ́tẹ̀ yìí mo ní mo fẹ́ yọjú.

Ìparí 2022 ni wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà, lórí fídíò. Ọ̀gá ológun márùn-ún ló jókòó. Wọ́n ní kí n gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, mo búra. Mo rò pé wọ́n máa bá mi fa ọ̀rọ̀ ọjọ́ kíkà, wọn ò tilẹ̀ dé ibẹ̀, wọ́n ti kà á. Ìbéèrè tó mú mi láìròtẹ́lẹ̀ wá láti ẹnu obìnrin kan nínú wọn: kí ló dé tí mi ò sọ fún kápítéènì nígbà náà pé ara mi kò tíì yá?

Ìdáhùn tí a ti kọ́ sílẹ̀ wà, mo gbàgbé rẹ̀. Mo sọ fún un pé mi ò mọ̀ pé òfin 90 ọjọ́ wà, bí mo bá tilẹ̀ mọ̀ ọ́n, mi ò rò pé ǹ bá sọ ọ́. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, bí ọ̀gá bá ní kí o sáré, wàá kọ́kọ́ sá a ná. Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Agbẹjọ́rò mi kékeré wo ilẹ̀. Mo ti rò pé mo ti ba nǹkan jẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni mo fi dúró. Àpòòwé ńlá ló dé, kì í ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti àkọ́kọ́, ìyàwó mi ló sì gbà á lọ́wọ́ afìwéránṣẹ́. Kò ṣí i. Ó gbé e sórí tábìlì, ó pè mí lójú ọ̀nà pé kí n máa bọ̀, mo sì já èrò tí mo gbé sílẹ̀ kí n tó yí ọkọ̀ padà. DD-214 tuntun ló wà nínú rẹ̀. Àpótí 24: Honorable. Àpótí 27, tó ń sọ bóyá ènìyàn lè padà wọṣẹ́, kò yí, mi ò sì bá wọn jà sí ìyẹn. Ta ló fẹ́ padà lọ sá máìlì méjì?

Mo pe ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀bú. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti fún mi o."

"Kí ni wọ́n kọ sí 28?"

Mi ò tíì wo ibẹ̀. Mo tún ìwé náà gbé. "Secretarial Authority ni wọ́n kọ síbẹ̀, sà."

"Physical Standards ti lọ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ nípa ẹsẹ̀ ẹ mọ́." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Fọ́ọ̀mù GI Bill, 22-1990 ni. Kọ ọ́ lálẹ́ yìí, má dúró dọ̀la. Kí o sì pe ìyá ẹ."