Bẹ́ẹ ṣe lè dáàbò bo ìbò yín ní Nàìjíríà

Ẹ̀yin èèyàn wa, PVC yín, ìyẹn káàdì ìdìbò yín, ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ tọ́jú o, ẹ má tà á, òfin ò gbà á rárá. Ẹ tètè wádìí ibùdó ìdìbò yín, torí BVAS, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ìka tàbí ojú dá olùdìbò mọ̀, tó bá wà níbòmíì ò ní dá yín mọ̀. Aago 2:30 ọ̀sán ni wọ́n ń parí, àmọ́ tẹ́ẹ bá ti wà lórí láìnì kó tó lù, ẹ̀tọ́ yín ni láti dìbò, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni lé yín lọ. Màmá tójú ẹ̀ ò ríran lè mú ẹni tó fọkàn tán dání. Èyí tó ń dùn mí jù ni báwọn èèyàn ṣe ń dìbò tán tí wọ́n á sáré relé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró, kí wọ́n kà á lójú yín, kẹ́ẹ ya fọ́tò èsì tí wọ́n lẹ̀ síbẹ̀, kẹ́ẹ wá fi wé èyí tí INEC, àjọ elétò ìdìbò, bá gbé sórí IReV, ìyẹn ìkànnì tí wọ́n ń gbé èsì ìbò sí.