Ìdí Tí Alumíníọ̀mù Tó Ní Bàbà Nínú Fi Ń Sán Lójú Ibi Tí A Ti Jó O

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wa. Jórinjórin ni mí ní Òkè-Fìà, Òṣogbo. Mo ra alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ tó nípọn lọ́wọ́ àwọn tó ń ta àlòkù irin, wọ́n sì tẹ 2024 sí i lára. Mo fẹ́ fi ṣe ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìlọta, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí mo bá jó ló ń sán bó bá ti ń tutù. Mo ti pààrọ̀ wáyà, mo ti dín iná kù, pàbó ló já sí.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wáyà yín kò jẹ̀bi. Nọ́ńbà 2 tó ṣíwájú yẹn fi hàn pé bàbà ni olórí ohun tí wọ́n pò mọ́ alumíníọ̀mù náà, ó sì tó nǹkan bí ìdá 4 nínú 100. Alumíníọ̀mù pọ́ńbélé a máa yọ́, a sì máa dì, ní ìwọ̀n Celsius 660. Ní ti 2024, apá kan rẹ̀ ṣì máa ń ṣàn títí yóò fi tutù dé nǹkan bí 500, bẹ́ẹ̀ èyí tó ti dì ń súnkì, ó ń fà á ya. Ibẹ̀ ló ti ń sán.

Ká tilẹ̀ ní kò sán, agbára rẹ̀ ti dínkù. Alfred Wilm, ará Jámánì, ló rí i ní 1906 pé bí a bá mú irú alumíníọ̀mù báyìí gbóná gan-an, tí a rì í sómi lójijì, tí a sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, yóò máa le sí i fúnra rẹ̀, nítorí bàbà inú rẹ̀ ń ṣù jọ ní wóró kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí. Iná ìjórin a máa ba ètò yìí jẹ́. Ẹ lu ihò sí i, kí ẹ fi bóòtì dè é. Rífẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìṣó tí a máa ń lu ìdí rẹ̀ pẹlẹbẹ kó má baà yọ, ni àwọn tó ń fi ṣe ọkọ̀ òfuurufú náà sábà máa ń lò.

Ìbéèrè: Bí kò bá sí nọ́ńbà lára rẹ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ fi fáìlì họ ọ́ títí yóò fi dán, kí ẹ wá kán omi kọ́sítíìkì sódà tí àwọn aṣọṣẹ ń lò sí i. Bí bàbà bá pọ̀ nínú rẹ̀, ojú ibẹ̀ yóò dúdú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ dáàbò bo ojú, nítorí omi náà ń bó ara.

Ìbéèrè: Omi ata yóò máa ta sí i lára. Ṣé kò léwu?

Ìdáhùn: Yóò jẹ ẹ́. Bàbà tó fún un lágbára náà ló ń jẹ́ kí omi àti iyọ̀ tètè dá ihò sí i lára, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi alumíníọ̀mù pọ́ńbélé bo ojú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ara ọkọ̀ òfuurufú. Ní tèmi, n kò ní lò ó fún ẹ̀rọ ata rárá. Ẹ wá èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5: kò le tó tiyín, ṣùgbọ́n ó ṣeé jó, omi kì í sì í tètè jẹ ẹ́.