Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣáájì bátìrì vape tí ò fi ní gbiná mọ́ yín lọ́wọ́

Ẹ̀yin èèyàn wa n'Ílọrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣáájì vape, ìyẹn sìgá oníbátìrì, lórí bẹ́ẹ̀dì o, orí sìmẹ́ńtì tàbí táìsì ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kẹ́ ẹ sì wà nítòsí ẹ̀, torí bátìrì lithium tó bá gbóná jù lè bú gbàmù. Okùn tó bá a wá ni kẹ́ ẹ lò. Tó bá ti kún, ẹ yọ ọ́; bátìrì roboto tí wọ́n ń pè ní 18650, fóòtì (volt) 4.2 ló ń kún mọ.

Èyí tó ṣeé yọ síta, ẹ wo ọ̀rá tí wọ́n fi wé e dáadáa, pàápàá níbi orí ẹ̀, tó bá ya bíńtín báyìí, bí èékánná ọmọ tuntun, ẹ má lò ó mọ́. Èmi ju ọ̀kan sápò pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ nígbà tí mò ń lọ Ọjà Ọba, n ò tíì sọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ tí itan mi ti ń jó fòò, irin ló kan orí àtìdí ẹ̀ pọ̀. Inú páálí róbà ẹ̀ ni kó máa gbé.

Oòrùn wa yìí ńkọ́? Ẹ má fi sílẹ̀ nínú mọ́tò. Èyí tó bá ti wú, ẹ má ṣáájì ẹ̀, ẹ má sì jù ú sórí ààtàn tí wọ́n ń dáná sun.