Bí Mo Ṣe Yan Wáyà fún Ẹ̀rọ Omi Ilé Màámi

Hùùù ni súmò, ẹ̀rọ tó ń fa omi, ń kùn nínú kànga, kò sì yí. Gílóòbù tí a so mọ́ wáyà kan náà ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Màámi ní ká gbé ẹ̀rọ padà fún ẹni tó tà á. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi lọ́jọ́ méjì.

Tí ẹ bá fẹ́ ra wáyà n'Ílé-Ifẹ̀ níbí, ohun tí wọ́n á bi yín ni pé kí lẹ fẹ́ fi ṣe. Gílóòbù, 1.5. Sọ́kẹ́ẹ̀tì, 2.5. Bí bàbà inú wáyà ṣe nípọn tó, ní mm², ni nọ́ńbà yẹn. Ó dára bẹ́ẹ̀ nínú ilé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe tiwa kò ro bí kànga ṣe jìnnà tó, 1.5 ló fà débẹ̀.

Mo fi téèpù wọn ọ̀nà tí wáyà gbà gan-an: ó gun ògiri, ó sọ̀kalẹ̀, ó yí igi ọsàn po. 60 mítà. Ara ẹ̀rọ, 6 A (ampere, ìwọ̀n iná tó ń fà) ni wọ́n kọ. Wáyà bàbà 1.5 ń jẹ 29 millivolt (1,000 rẹ̀ ló jẹ́ volt kan) fún ampere kan ní mítà kan. 29 lọ́nà 6, lọ́nà 60: ó lé ní 10 volt. Ìyẹn nígbà tí ẹ̀rọ bá ti ń yí o. Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, ó lè fa ìlọ́po márùn-ún, kí 50 volt ṣòfò sọ́nà. Iná ọba tí kì í sábà pé 230 volt, kí ló wá kù fún ẹ̀rọ?

Wáyà 2.5 á jẹ 6.5 volt, 4 á jẹ 4 péré. 6 tún sàn díẹ̀, àmọ́ owó rẹ̀ ga ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Mo mú 4.

Ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Lágéré, ìdì méjì ni wọ́n gbé wá, 4 mm² ló wà lára méjèèjì. Ọ̀kan fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo bó ẹnu rẹ̀, mo fi ọ̀bẹ ha ọ̀kan nínú irun wáyà inú rẹ̀: ẹ̀yìn rẹ̀ pupa, inú rẹ̀ funfun bíi páànù. Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni! Irú ẹ̀ máa ń gbóná ju ojúlówó lọ, á sì máa dẹ̀ nídìí skúrù. Èkejì pupa dénú, irun méje.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti mọ̀ ọ́n,” ni ọmọkùnrin tó ń tà á wí, ó sì gbé ti àkọ́kọ́ kúrò níwájú mi.

Mo pa iná ilé pátá kí n tó tú ti tẹ́lẹ̀. Bírékà 32 ampere, ohun tó ń já iná tó bá pọ̀ jù, ni mo bá nídìí wáyà 1.5 yẹn, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Wáyà ni bírékà ń ṣọ́. Kí 32 tó já, wáyà tínínrín yẹn lè ti yọ́ mọ́ ògiri lórí ilé tí Màámi ń sùn sí. Mo fi 16 rọ́pò rẹ̀, mo sì fa áàtì, wáyà tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀, dé ìdí ẹ̀rọ, torí inú omi ló ń gbé.

Nígbà tí mo tan án, mítà tí mo fi ń wọn volt ka 214 nílé, 210 létí kànga. Kí n tó rìn dé ibi páìpù, Màámi ti to kòròbá mẹ́ta síbẹ̀, èkíní ti kún.