Bẹ́ ẹ ṣe lè wo fíìmù nílé ní wíkẹ́ńdì kẹ́ ẹ sì rí nǹkan mú níbẹ̀

Kò sóhun tó burú tẹ́ ẹ bá wo fíìmù fi najú lásán, eré leré ń jẹ́. Àmọ́ ẹlòmíì á wo márùn-ún láàárín Sátidé sí Sọ́ńdè, tó bá di Mọ́ńdè tẹ́ ẹ ní kó sọ ohun tó wà nínú ẹyọ kan, á ní "ó dáa ṣá, wọ́n jà gan-an". Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é rèé o.

Ẹ ti mú fíìmù yín láti Fúráìdè. Ẹ má jókòó tán kẹ́ ẹ tó máa wá a kiri, ibẹ̀ gan-an ni wákàtí kan ń bá lọ, ẹ ó máa tẹ rìmóótù sókè sódò, ẹni tibí ò fẹ́ ti ogun, ẹni tọ̀hún ò fẹ́ ti ìfẹ́, nígbà tó bá sú gbogbo yín tán ẹ ó wá mú èyí tẹ́nikẹ́ni ò fẹ́. Méjì ti tó jàre, ọ̀kan Sátidé, ọ̀kan Sọ́ńdè. Tó bá ṣeé ṣe, kí méjèèjì dá lórí ọ̀rọ̀ kan náà, bí owó tàbí ọ̀rọ̀ bàbá àtọmọ, àmọ́ kí wọ́n má wá láti ilẹ̀ kan náà, ìwà tí wọ́n fi yin ẹnì kan nínú ti àkọ́kọ́ lè jẹ́ òun gan-an ni wọ́n máa fi bú ẹlòmíì nínú ìkejì, ọ̀rọ̀ á sì pọ̀ lẹ́nu yín. Tọ́mọdé bá wà níbẹ̀, ẹ má gbára lé nọ́ńbà ọjọ́ orí tí wọ́n kọ sí i nìkan, ẹ ka ọ̀rọ̀ kékeré tó máa ń sọ ìdí ẹ̀, torí pé 15 nítorí èébú yàtọ̀ sí 15 nítorí ẹ̀jẹ̀.

Ti dátà ńkọ́? Netflix fúnra wọn sọ pé HD, ìyẹn àwòrán tó mọ́ kedere, lè jẹ tó 3GB ní wákàtí kan, 4K tó mọ́ ju ìyẹn lọ sì lè jẹ tó 7GB, ẹni tó ń wò ó lórí fóònù ò sì fi bẹ́ẹ̀ rí ìyàtọ̀, torí náà ẹ dín in kù.

Tó bá jẹ́ tẹlifíṣọ̀n lẹ fẹ́ lò, nǹkan kan wà tọ́pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n fi ń ya ọ̀pọ̀ fíìmù, àmọ́ tẹlifíṣọ̀n ìgbàlódé máa ń dá àwòrán tiẹ̀ ṣe, á fi há àárín wọn kó lè máa yọ̀ geere, ìyẹn dáa fún bọ́ọ̀lù, àmọ́ ó máa ń jẹ́ kí fíìmù dà bí ohun tí wọ́n fi kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú yà. Lọ́dún 2018, Tom Cruise tó jẹ́ òṣèré pàápàá jáde nínú fídíò, ó ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n pa nǹkan yẹn lórí tẹlifíṣọ̀n wọn. Ẹ lọ sí sẹ́tínǹsì àwòrán, ẹ wá ohun tó bá ní "motion" lórúkọ, ẹ pa á. Tọ́rọ̀ wọn ò bá dún ketekete, ẹ tan subtitle, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sísàlẹ̀ àwòrán, kódà kó jẹ́ èdè tẹ́ ẹ gbọ́. Kí fóònù wà ní yàrá míì. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní ṣe é, àmọ́ mo ti sọ tèmi.

Ó wá kan ẹ̀kọ́ gan-an. Ẹ̀kọ́ fíìmù kì í sábà sí nínú ọ̀rọ̀ ọgbọ́n tí àgbàlagbà kan sọ nígbà tó fẹ́ parí, ẹ ti mọ ìyẹn kẹ́ ẹ tó jókòó. Ibi tẹ́nì kan ti ní ohun méjì níwájú tó wá mú ọ̀kan ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Ẹ dá a dúró níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré o, torí ẹni tó bá ń dá fíìmù dúró ní gbogbo ìgbà ìjà ló ń wá, kí kálukú sọ èyí tóun ì bá mú, kó tó máa lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi 12 Angry Men tọdún 1957 ṣe àpẹẹrẹ, tẹ́ ẹ ò bá tíì wò ó ẹ fo ìpínrọ̀ yìí. Ìṣẹ́jú 96 ni, inú yàrá kan ṣoṣo ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ tó ti parí. Ọkùnrin 12 tí ilé ẹjọ́ kó jọ láti pinnu bóyá ọmọ kan jẹ̀bi ìpànìyàn ló wà níbẹ̀. Àwọn 11 ní ó jẹ̀bi, ẹnì kan ní rárá. Ẹ béèrè ẹ̀kọ́ ẹ̀, wọ́n á ní "dúró lórí òtítọ́ kódà kó ku ìwọ nìkan". Ó dáa, ta ni ò mọ̀ ọ́n? Ẹ wo ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe. Kò sọ pé ọmọ náà ò jẹ̀bi o, ohun tó sọ ni pé òun ò mọ̀, pé káwọn sọ̀rọ̀ ná. Wọ́n ní irú ọ̀bẹ tí wọ́n fi pààyàn yẹn ò wọ́pọ̀, ó yọ irú ẹ̀ tóun náà lọ rà lápò. Wọ́n ní bàbá arúgbó kan tó jẹ́ ẹlẹ́rìí dé ẹnu ọ̀nà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 15, ọkùnrin yẹn dìde rìn ín bí arúgbó, wọ́n sì fi aago wò ó. Ẹni tó bá ṣọ́ ìyẹn ti rí béèyàn ṣe ń bá ọ̀pọ̀ èèyàn jiyàn láì pariwo, ó lè lò ó ní mítíìnì. Ẹ wá padà sórí ọ̀bẹ tó rà yẹn: òfin ò gba àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ láyè láti lọ ṣèwádìí fúnra wọn níta. Akíkanjú wa náà rúfin. Ṣó tọ́? Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn á ti gbóná, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ràn jù.

Ẹ má bi ọmọdé pé "kí lo rí kọ́?" kété tó bá parí, á kàn sọ ohun tó mọ̀ pé ẹ fẹ́ gbọ́. "Ta ló bí ẹ nínú jù?" dáa ju ìyẹn lọ. Tí wọ́n bá sì kọ ọ́ pé ìtàn tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni, ẹ má tíì máa fi ṣẹ̀rí, wọ́n máa ń pa èèyàn mẹ́ta pọ̀ di ẹyọ kan, ohun tó gba ọ̀pọ̀ ọdún á di ọ̀sẹ̀ kan, ẹ wá ojúlówó ìtàn náà kà.

Ẹ pa autoplay, kí òmíì má bàa bẹ̀rẹ̀ nígbà tí orúkọ àwọn òṣèré ṣì ń kọjá, torí àkókò yẹn lọ̀rọ̀ máa ń bọ́ lẹ́nu èèyàn. Tí fíìmù bá sú yín ní ìdajì, ẹ pa á, kò sẹ́ni tó máa ṣèdánwò fún yín, àmọ́ kí ẹni tó ní kẹ́ ẹ pa á sọ ìdí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó dìde.